Ibi Tí Àsíátù Lọ

“Kò sí wèrè nílé yìí rí! Ẹ wá ilé mìíràn lọ.”

Alhaji Mùsílíù ti dìde dúró kó tó sọ ọ́ tán. Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí kiri Òwu, pa ìwé ìbéèrè ọwọ́ rẹ̀ dé.

“Bàbá, ẹ má bínú. A kò pe ẹnikẹ́ni ní wèrè. A fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn ọpọlọ fi máa ń pọ̀ nínú ẹbí kan ju òmíràn lọ ni. Ìbéèrè díẹ̀, itọ́ díẹ̀ nínú ìgò tí a ó fi yẹ ohun àjogúnbá wò, ká sì wo fáìlì yín nílé ìwòsàn, bí ẹ bá gbà. Orúkọ yín ò ní hàn síta.”

“Mo ní ọmọ tó fẹ́ relé ọkọ! Ẹ jáde.”

Àsíátù, àbúrò Alhaji, ń ká aṣọ títà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo Ameenah, ọmọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó jókòó tó ń wolẹ̀. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni kò ti rí oorun sùn dáadáa, tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Gbogbo ilé mọ̀, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Àsíátù dìde.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Nígbà tí mo bí Yasir, tí ẹ sọ fún ará àdúgbò pé mo lọ ṣòwò ní Kánò, ṣé Kánò ni mo lọ?”

“Àsíátù!”

“Ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni mo wà, oṣù mẹ́ta gbáko. Wọ́n tọ́jú mi, ara mi yá. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń tajà, tí mo fi kọ́ ọmọ mi níwèé. Kí là ń fi pamọ́? Ṣé kí Ameenah náà máa dá a rù bíi tèmi ni?”

Ameenah bú sẹ́kún. “Àǹtí, mo rò pé èmi nìkan ni.”

Mùsílíù wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó rọra padà jókòó. “Ta ló máa tọ́jú rẹ̀?” Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Mo lè mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́la, Bàbá,” ni Ìyìnolúwa wí.

Àsíátù ló kọ́kọ́ tutọ́ sínú ìgò. Kó tó di ọ̀sán, ènìyàn mọ́kànlá ti ṣe é nínú agboolé náà. Mùsílíù ni ìkẹjọ.

Bí Ìyìnolúwa ṣe ń palẹ̀ mọ́, Àsíátù fi ìborùn borí, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbo lò ń lọ báyìí?”

“Àdúgbò Igbein, Mà.”

“Ó dáa. Jẹ́ ká lọ. Èmi ni màá sọ̀rọ̀.”