Ẹ̀rọ Orí Afárá Àgbọ̀n

Afárá odò Àgbọ̀n kò ga. Bí òjò bá rọ̀ lókè, omi a ti gba orí rẹ̀ kọjá kí ẹni tó ń ti Odò-Ọwá bọ̀ ní Ìlọfà tó mọ̀ pé odò ti kún. Omi náà ti gbé ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n Ọpẹ́yẹmí lọ rí, díẹ̀ ló kù kó gbé òun alára lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ọpẹ́yẹmí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì, ti ń ro ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Ó ṣe ẹ̀rọ kan. Páìpù gígùn ni, rọ́bà tó ń léfòó wà nínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń gòkè ni rọ́bà náà ń gòkè. Tó bá ti kan wáyà tó wà lókè, ẹ̀rọ a fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn awakọ̀. Ó dán an wò nínú dùrọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dùrọ́ọ̀mù kì í ṣe odò.

Ó gbé e lọ bá Màdáàmù Moróhunfọ́lá, ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀nà àti afárá ní agbègbè náà. Màdáàmù yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó yìn ín, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè gbà á láyè. Òfin kò fẹ́ kí aráàlú so ohunkóhun mọ́ afárá ìjọba, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ni ìbéèrè yóò dé. Ọpẹ́yẹmí gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ọkàn rẹ̀ ti ń lọ sí Èkó, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pìn, ìlú rẹ̀, ṣe lọ.

Òfin tuntun ló dá a dúró. Ìjọba fẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa fi ìmọ̀ ẹ̀rọ yanjú ìṣòro rẹ̀. Ìlú Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n pe ètò náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kámẹ́rà tí wọ́n máa rà lókè òkun ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní kí wọ́n fún ọmọ ìlú tó bá ṣe nǹkan tuntun láyè láti dán an wò lórí dúkìá ìjọba, lójú ọ̀gá ibẹ̀. Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló pe Ọpẹ́yẹmí.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, mà."

"Gbé e wá. Bí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ní kí o so ó."

Wọ́n so ó mọ́ òpó afárá. Mùhísínì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún wọn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kó àwọn ìyá akọrin láti Odò-Ọwá, wọ́n ń lọ síbi ìkórè ní Ìlọfà. Oòrùn ń ràn. Fóònù rẹ̀ dún: odò Àgbọ̀n ti kún, ẹ má sọdá. Ó wo ojú ọ̀run, kò rí ìkùukùu, síbẹ̀ ó tẹ bíréèkì. Àwọn ìyá ń ráhùn pé àwọn á pẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n yọ sí kọ́nà, omi pupa ti bo afárá mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ igi ńlá tòun ti gbòǹgbò. Ìyá Wisdom tó jẹ́ olórí wọn kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Nígbà tó dìde, òun ló dá orin, àwọn yòókù sì gbè é.

Mùhísínì pe Ọpẹ́yẹmí. "Tíṣà, àwọn ìyá ni mo kó kún ọkọ̀ mi. Omi ò kan ẹnìkan lẹ́sẹ̀."

Ọpẹ́yẹmí tẹ fóònù mọ́ etí. Ó kàn ń gbọ́ orin náà lórí fóònù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kí òjò ọdún náà tó dá, àwọn ará ìlú Kòrò ti béèrè ẹ̀rọ tiwọn. Màdáàmù ṣí yàrá òfìfo kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Ọlánípẹ̀kun, ọmọ ìlú Ọpẹ́yẹmí, sì ti Ìbàdàn dé, ó gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn gbẹ ẹ̀gẹ́ wá, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń fàyè gba èèyàn nílé báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n so ti Kòrò, tàgbà tèwe ló jáde. Ọpẹ́yẹmí wà lórí àkàbà, ó di bóòtù tó kẹ́yìn le. Màdáàmù sì dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà náà mú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ilẹ̀ yìí ló ṣe é.