Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Gbé Ṣíbí?

Harim ò yé kìlọ̀ fún mi nínú rélùwéè, láti Mokpo, ìlú wa, títí tá a fi wọ Seoul.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ẹnu yín jẹ́ẹ́ lónìí. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa irun ẹnikẹ́ni."

Mo ní kò burú. Irun ni mo ń ṣe jẹun, ibi yòówù kí n dé, orí èèyàn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Harim, èmi àti ìyá mi la sì jọ tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú. Bó bá ní kí n fi òkúta dí ẹnu lọ́jọ́ náà, màá fi dí i. Ọjọ́ yẹn ni ẹbí Taegyu, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, máa rí wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá Taegyu sì ti sọ ọ́ síta pé ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, ta ni yóò jókòó fún un níwájú lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Bí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ yìí bá dàrú, ó parí nìyẹn. Ọmọ náà ti ronú débi pé ó ti rù.

Mo ti rí hòtẹ́ẹ̀lì rí, àmọ́ èyí tí wọ́n pè wá sí kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Òkúta dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń dán débi pé mo rí abẹ́ aṣọ ìyá mi nínú rẹ̀, mo ní kó má yasẹ̀. Omi ń ṣàn lára ògiri, kò pariwo. Ìyá mi dúró tì í.

"Malsun, ta ló ń nu gbogbo èyí?"

"Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè gbé wa títí etí wa fi di. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo Seoul ló tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀, iná ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti etí odò Han lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ ń wọ́ lórí àwọn afárá bí ẹni da ẹ̀yinná sílẹ̀. Orí mi wú. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé èèyàn ló ń gbé nínú gbogbo ìyẹn?" ló bi mí.

Yàrá kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wa, gíláàsì ni ògiri rẹ̀. Taegyu dìde, ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Ìyá rẹ̀ wọ ṣẹ́dà aláwọ̀ eérú. Irun rẹ̀ ńkọ́? Mo ti ṣèlérí, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé, nítorí náà bàbá ọkọ rẹ̀, tó jókòó sáàárín wọn, ni olórí ilé. Bàbá náà ló ni iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì kan, Taegyu sì ti sọ fún wa pé bó bá ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń já a ní koro.

"Ẹ kú ìrìn o," ni ìyá Taegyu wí. "Irú oúnjẹ báyìí ò ní pọ̀ ní Mokpo."

Mo gbé e mì.

Wọ́n gbé oúnjẹ wọlé nínú àwo aláwọ̀ ewé, wọ́n gé ẹja bí ewé òdòdó, ó dùn ún wò débi pé ó ń ṣe èèyàn bíi kó má jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ wá dé, ó ń rú èéfín. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò gbé ṣíbí kí àgbà tó gbé tirẹ̀? Bàbá ń wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo Bàbá. Èmi ni mo fà á. Mo ti kun orí ìyá mi ní dúdú kirikiri, mo sì ká a ní rólà, kò sẹ́ni tó lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá náà ti kun tirẹ̀. Ẹni tó kùn ún fún un mọṣẹ́.

Ọbẹ̀ ń tutù. Ọ̀rá ti ń dì lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ yọjú, ó rí i pé a ò tíì gbé ṣíbí, ó rọra padà sẹ́yìn. Harim ń ká etí aṣọ tábìlì mọ́ ìka.

"Àbí oúnjẹ wa ò wu Màmá ni?" ni ìyá Taegyu wí. "Mo ti sọ fún Taegyu pé ká wá ibi kékeré kan, tó máa mọ́ wọn lára."

Ahọ́n mi wà láàárín eyín mi. Mo ti ń gbé ìdí kúrò lórí àga nígbà tí Bàbá wúkọ́.

"Ìyá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Ọdún ẹṣin." Nílẹ̀ wa, ẹranko méjìlá la fi ń pe ọdún, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

"Ọdún ẹṣin lèmi náà. Oṣù wo?"

"Ta ló mọ oṣù?" ni ìyá mi wí. "Ìyá mi ní wọ́n ń kórè ọkà báálì lọ́wọ́ nígbà tóun rọbí. Ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú."

Bàbá fi ìka sún ṣíbí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ìyá Taegyu, ó wo Harim tó ń ká aṣọ tábìlì mọ́ ìka.

"Tèmi, ọdún ti ń parí lọ, yìnyín ti ń bọ́," ló wí. "Ẹ jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ṣíbí."

Taegyu la ẹnu. "Bàbá, ṣebí ìgbà tí òdòdó ń yọ, kí ooru tó bẹ̀rẹ̀, la máa ń ṣe ọjọ́ ìbí..."

Bàbá wò ó. Ọmọ náà pa ẹnu dé. Mo wo ìyá rẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ se ọbẹ̀ ọjọ́ ìbí bàbá ọkọ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Nílẹ̀ wa, ọkùnrin lè bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ fún ọ. Kò ní fún ọ ní ọjọ́ kan nínú ọjọ́ orí rẹ̀. Mo ti rí àna méjì tó na ara wọn nítorí ta ló fi oṣù díẹ̀ ju ta lọ. Bàbá yìí, tí gbogbo èèyàn ń wárí fún, sọ ara rẹ̀ di àbúrò fún ìyá mi, obìnrin oníṣẹ́ ẹja gbígbẹ láti Mokpo, nítorí ọmọ kan tí kò tíì di tiẹ̀. Gbogbo iná Seoul kéré lójú mi lẹ́yìn ìyẹn. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé ata ni.

Ìyá mi gbé ṣíbí, ó tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ó ti tutù," ló wí, gbogbo wa sì jẹun.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá ní ká gòkè lọ sí ilé ọtí tó wà lórí òrùlé. Obìnrin kan ń tẹ dùùrù. Ìgò ọtí kún ògiri kan dé àjà, iná ń ti ẹ̀yìn wọn jáde bíi pé oyin ló wà nínú gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọṣọ iyì ń rẹ́rìn-ín wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn tó mọ Bàbá dìde kí i. Ìṣojú wọn ló ti fi ọwọ́ méjèèjì bu ọtí fún ìyá mi, tí ìyá mi bu tirẹ̀ fún un. Ó gba ife, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu mu ún, bí ọmọdé ṣe ń mutí níwájú àgbà. Ọkùnrin kan tó dìde kí i gbàgbé láti jókòó.

Ìyá Taegyu rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí bàbá ọkọ rẹ̀ bá pè ní ẹ̀gbọ́n, kí lòun fẹ́ pè é? Nígbà tó yá, ó dìde, ó bu ọtí fún ìyá mi, ó na ife tirẹ̀ síwájú, ó gba díẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mu ún. Nígbà tó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ fún wa ní Harim."

Àwa tá a wá tọrọ, àwa ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ wa. Harim bú sẹ́kún, Taegyu di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo wa. Ìyá mi mu ọtí rẹ̀ tán pátápátá, ó gbé ife sílẹ̀, ó wo àwọn afárá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná," ló wí.

Mo já a léèékánná lábẹ́ tábìlì.