Mosúnmọ́lá Túmọ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Ẹ̀rọ tí Mosúnmọ́lá ṣe kì í mu epo, kì í sì í lo iná. Odò ló ń fún un lágbára. Omi á ti apá òkè odò wọ inú páìpù ńlá kan, á máa jáde lẹ́nu ihò tí ìdérí irin wà lórí rẹ̀. Bí omi náà bá ti ń sáré sí i, agbára rẹ̀ á gbá ìdérí náà pa lójijì. Ṣùgbọ́n omi tó ti ń sáré kò lè ṣàdédé dúró. Á forí sọ irin bí àgbò tó ń kàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ á já wọ inú ìkòkò irin kan, ibẹ̀ ni á sì ti gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gun òkè lọ sínú ìlú. Ìdérí á tún ṣí, omi á tún sáré. Kọ́, kọ́, kọ́, tọ̀sán-tòru. Nítorí kíkàn yẹn ló ṣe sọ ẹ̀rọ náà ní Àgbò.

Ọdún 1982 ni. Mosúnmọ́lá àti àwọn tó ń bá a kàwé gboyè mástà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì máa ń ṣe sẹ́mínà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan á dúró níwájú àwọn yòókù, á ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, wọn á sì máa da ìbéèrè bò ó títí á fi làágùn. Lọ́dún yẹn, ẹ̀ka wọn pinnu láti gbé sẹ́mínà kan jáde lọ bá ará ìlú, kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà náà gbọ́, kí wọ́n sì bèèrè ohun tó bá wù wọ́n. Ìwéré-Ilé ni wọ́n mú, nítorí pé odò tí Mosúnmọ́lá gbé Àgbò sí kò jìnnà sí ìlú náà.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń ro ti bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ògúndìran, ọdẹ ni ní Ṣakí. Ìwé tí kò tán ti sú u. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ni níléèwé, wọ́n ti ń tọ́ ọmọ, tirẹ̀ ṣì ń fi gírísì pa ọwọ́ ní yunifásítì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàárín wọn ni Mosúnmọ́lá bá a ṣe àdéhùn.

"Bàbá, ẹ wá sí Ìwéré, kí ẹ wá gbọ́ mi. Tí ẹ bá gbọ́ tán tí ẹ ṣì ní asán ni, màá bá yín padà sílé, màá gba iṣẹ́ tíṣà."

"O ò ní yẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò ní yẹ̀ ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ sẹ́mínà náà, Dókítà Àríyọ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, pè é sẹ́yìn gbọ̀ngàn iléèwé girama tí wọ́n fẹ́ lò. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè òkun ti rán ẹnì kan wá wo iṣẹ́ wọn. Ará Calabar ni ọkùnrin náà, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ará ìlú kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì.

"Nítorí náà, Cornelius ló máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ omi," ni Dókítà wí. "Mo ti fún un ní ìwé rẹ látàná. Ìwọ ni wàá máa túmọ̀."

Cornelius, ọmọ Ìbíní tí òun náà kò gbọ́ Yorùbá, ni wọ́n jọ ń ṣe sẹ́mínà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé.

"Sà, mo lè sọ ọ́ ní èdè méjèèjì. Màá sọ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, màá sọ Yorùbá díẹ̀."

"Kí àlejò wa lè rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo la mú wá?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá, sà. Tí ẹ bá lè bá mi túmọ̀…"

Dókítà Àríyọ̀ wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá fọ aṣọ. "Èmi? Kí n wá di ògbufọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi? Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ á yé wọn lẹ́nu rẹ."

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

"Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni. Ṣé o fẹ́ kí ìlú gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà ni, àbí o fẹ́ kí wọ́n rí ọ?"

Ó rò ó pé kí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n ó yọjú wo inú gbọ̀ngàn, ó rí bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú, tó fi dàńṣíkí tí ó fi ń lọ ìpàdé sọ́rùn. Tí òun bá kọ̀, kò sẹ́ni tí yóò túmọ̀, bàbá á sì padà sí Ṣakí láìgbọ́ nǹkan kan. Ó gbà.

Cornelius sọ̀rọ̀, Mosúnmọ́lá túmọ̀. Gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì ń gbà á padà, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń tẹ́tí. Ìgbà tó dé ibi tí omi ti ń forí kàn, ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Ìyápọ̀ nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, omi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yìí, ta ló ń tì í lẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin ló yẹ kó máa tì í, Ìyápọ̀!" ni Àdìgún télọ̀ pariwo láti ẹ̀yìn. "Ẹ ti sinmi omi pípọn jù!"

"Ìyá rẹ ni yóò máa tì í! Ọmọ yìí, dá mi lóhùn, jàre."

Mosúnmọ́lá tú ìbéèrè náà sí gẹ̀ẹ́sì fún Cornelius. Cornelius ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Níkẹyìn ó ní omi ló ń ti omi, àti pé kí wọ́n rí i dájú pé ìkòkò irin náà kún dẹ́nu, kí afẹ́fẹ́ kankan má ṣẹ́kù síbẹ̀.

Mosúnmọ́lá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Cornelius sọ yìí ló máa ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ìlú yìí ló máa tọ́jú Àgbò tí àwọn bá ti lọ. Bí wọ́n bá ṣe bí ó ti wí, kò ní pẹ́ tí páìpù á fi là.

"Ó ní ẹ má jẹ́ kí ìkòkò náà kún o, mà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà lókè ibẹ̀. Ẹ ti tẹ bọ́ọ̀lù ọmọdé rí? Bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń ti ọwọ́ yín padà. Bí omi bá já wọ inú ìkòkò, á tẹ afẹ́fẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì tì í padà. Kò lè gba ibi tó gbà wọlé jáde, nítorí ìdérí mìíràn wà lẹ́nu ibẹ̀ tó ti pa dé. Òkè nìkan ló kù tó lè lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í, mà."

"Háà!" ni Ìyápọ̀ wí. "Ó yé mi wàyí."

"Ẹ gbọ́ ná!" Àdìgún ti dìde. "Ọ̀rọ̀ tí brọ̀dá sọ kò kún ṣíbí, èyí tí sìsítà fi túmọ̀ rẹ̀ kún korobá!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Àríyọ̀ dìde, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó ti gbọ́ Yorùbá, ó sì mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà," ni ó fi Yorùbá wí. "Ògbufọ̀ wa fẹ́ràn kó máa fi tirẹ̀ kún un. Mosúnmọ́lá, ohun tó bá sọ ni kí o sọ."

Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn rọ́ lọ sódò. Àgbò ń kàn, omi sì ń jáde lẹ́nu páìpù lókè lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ gbọ́n ọn, wọ́n ń fi bọ́jú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Cornelius. Wọ́n fún un ní àkùkọ kan. Ọkùnrin Calabar náà gbọ́wọ́ lé e léjìká, kò sì gbé e kúrò.

Ògúndìran bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti jókòó sórí àpáta.

"O kú iṣẹ́. Ohùn rẹ já gaara. Kò síbi tí kò yé mi."

"Ẹ ṣé, bàbá."

"Ọmọ yẹn lọ́pọlọ o. Ìwọ náà sì mọ ọ̀rọ̀ túmọ̀. Ẹni tó jókòó tì mí ní wọ́n ń wá ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù Ìsẹ́yìn. Mo rò pé ó sàn ju tíṣà lọ."

"Bàbá, èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ yẹn."

"Ìwọ?"

"Èmi ni mo ronú rẹ̀, èmi ni mo kọ ìwé tó ń kà."

Ògúndìran jókòó tì í. Kò bínú. "Tó bá jẹ́ tìẹ, kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló ń sọ ọ́?"

Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ló ń dà bí àwáwí létí ara rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ni bàbá rẹ̀ fi oríkì pè é, "o ní kí n wá gbọ́ ọ. Mo wá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Cornelius ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbá àkùkọ rẹ̀ mọ́ra. Ojú ń tì í. Ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún Mosúnmọ́lá pé òun rí i pé òun ṣì í sọ lórí afẹ́fẹ́. Ó yíjú sí Ògúndìran, ó tẹrí ba, ó sì rọra sọ̀rọ̀ fún un.

"Kí ló wí?" ni Ògúndìran bèèrè.

Mosúnmọ́lá túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní… ó ní èmi ni mo ni iṣẹ́ náà. Ó ní ohun tí mo kọ lòun kàn kà."

Bàbá rẹ̀ wo Cornelius, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé òun ló wí bẹ́ẹ̀, àbí o tún ti fi tìẹ kún un?"

"Òun ló wí bẹ́ẹ̀, bàbá!"

Dókítà Àríyọ̀ kò jìnnà sí wọn; ọkùnrin Calabar náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbò, kíkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ wọn. Kò sí ohun tí Cornelius sọ tí Dókítà kò gbọ́. Ògúndìran ké sí i.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi?"

Dókítà Àríyọ̀ wo Mosúnmọ́lá. Ó wo àlejò rẹ̀.

"Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni, bàbá," ni ó wí. "Ó ní tí kì í bá ṣe ti ọmọ yín, iṣẹ́ òun kì bá tí yé ará ìlú."

Cornelius, tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, rò pé wọ́n ti bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun dáadáa. Ó mi orí sí bàbá náà léraléra, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ó káre," ni Ògúndìran dá a lóhùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O rí i? Ọmọ gidi ni. Lọ gbé àpò rẹ, ká máa lọ sílé bí a ṣe ṣàdéhùn."

Mosúnmọ́lá la ẹnu. Ó wá èdè tí òun lè fi sọ ọ́, tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ á fi gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí kò rí i, ó gun òkè lọ síbi tí bọ́ọ̀sì yunifásítì wà, ó sì gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.