Gáùn Tí Nọ́ọ̀sì Ń Tú

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀ràn tó gbé Aránṣọ dé ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbé ìdì aṣọ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó bá òun tà á, iye tó sì pè é kéré débi pé ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé aṣọ náà kò gba ẹnu ọ̀nà jáde níbi tó ti wá. Aránṣọ mọ̀, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa dé, ọ̀rẹ́ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ìdì aṣọ ló jókòó sáàárín ṣọ́ọ̀bù bí àlejò pàtàkì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká nígbà náà. Aránṣọ àti bàbá ọmọ, tó jẹ́ káfíńtà, ti tú ká tipẹ́, káfíńtà sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí Aránṣọ lọ́jọ́ orí, tí kò sì tíì bímọ. Ọjọ́ tí wọ́n mú Aránṣọ lọ, ilé káfíńtà ni ọmọ gbà lọ. Káfíńtà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú un wá wo ìyá rẹ̀ rárá. Ó ní ojú ọmọ òun kò ní rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ó dun Aránṣọ ju ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ lọ.

Káfíńtà ló ṣẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ló ń bínú sí. Wọn kì í ṣe orogún, ṣùgbọ́n ìjowú kò mọ̀ pé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti jáde. Lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀wọ̀n, Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ nọ́ọ̀sì kan bó ṣe wù ú: obìnrin tó ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó ń fi ìsàlẹ̀ ìkòkò bọ́ ọ, tó sì ń kọ́ ọ pé kó gbàgbé ẹni tó bí i. Ó sọ ọ́ ní Agúnnilábẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá rẹ́rìn-ín títí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rán an létí pé abẹ́rẹ́ ni òun náà fi ń jẹun.

Nígbà tó jáde, ó gba yàrá kan, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, ó lọ sílé káfíńtà pé kó fún òun lọ́mọ òun. Káfíńtà kò ṣí ilẹ̀kùn ju ìdajì lọ. Ó ní kóòtù ni kí wọ́n ti pàdé. Ohun tó fẹ́ ni kí adájọ́ fọwọ́ sí i pé ọmọ di tòun pátápátá, kí ìyá máa gba àṣẹ lọ́wọ́ òun kó tó lè rí i. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun sílé ọ̀daràn. Bí Aránṣọ bá pàdánù ẹjọ́ yìí, kó yáa gbà pé òun ti dàgbà láìbímọ.

Lọ́yà kan gba ẹjọ́ náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìwé, tó sì ní ojú àánú, àfi pé ó ń kánjú láti borí.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà kò tóbi ju kíláàsì ilé-ìwé lọ. Àga onírin ló wà níbẹ̀, àti tábìlì gígùn kan tí ìkángun rẹ̀ ti ń bó, àti fáànù tó ń ké bó ṣe ń yí. Obìnrin ni adájọ́, ó so ìgò ojú rẹ̀ kọ́rùn bí ẹni tó ti sọ ọ́ nù rí. Káfíńtà jókòó pẹ̀lú lọ́yà tirẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ilẹ̀kùn wá ṣí, nọ́ọ̀sì mú ọmọ wọlé.

Ọmọ ti ga. Ohun tí Aránṣọ kọ́kọ́ rí nìyẹn, omi sì gba ojú rẹ̀. Ohun kejì tó rí ni gáùn aláwọ̀ sánmà tó wà lọ́rùn ọmọ. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán an, kó tó di pé wọ́n mú un lọ.

Ó sọ ọ́ fún lọ́yà rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú lọ́yà sì tàn. Ó ní ṣé ẹ̀yin náà rí i bí, ọmọ ti lo gbogbo àkókò yẹn lọ́dọ̀ wọn, wọn ò ra aṣọ kan fún un. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Inú Aránṣọ dùn. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: inú ìyá dùn pé ìyà ti jẹ ọmọ rẹ̀. Kóòtù lè sọ ènìyàn dà bẹ́ẹ̀.

Adájọ́ ní kí ìyá àti ọmọ kọ́kọ́ kí ara wọn. Ọmọ rọra rìn wá bí ẹni tó ń wọ odò, nígbà tó ku díẹ̀ ó sáré, ó fi orí gún ìyá rẹ̀ níkùn. Aránṣọ fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aránṣọ kì í dúró jẹ́ẹ́ lára aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ débi ìṣẹ́tí gáùn, ibẹ̀ ló ti bá ohun tí kò rò.

Nígbà tó ń rán gáùn náà, ó ṣẹ́ aṣọ púpọ̀ sínú nísàlẹ̀, torí pé ọmọ ń dàgbà. Ẹnì kan ti ń tú u. Ẹni náà kò tú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ojú ìṣẹ́po àtijọ́ tò tẹ̀lé ara wọn lórí aṣọ bí àkàsọ̀, ó hàn pé bí ọmọ bá ti ga díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n sì tún un rán. Ìránkúrànán ni o. Ẹni tó rán an kò fa òwú lọ gbọọrọ bí aráyé ṣe ń ṣe. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan, ó ta á ní kókó, ó gé e, ó tún gún òmíràn, ó tún ta kókó, títí ó fi yí gáùn po. Bí irú èyí bá ti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, Aránṣọ ì bá dá a padà sílé ìyá rẹ̀. Ó wá yé e. Bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́ nìyẹn.

Ó bi ọmọ léèrè ta ló ń tú ìdí gáùn.

"Àǹtí ni," ni ọmọ wí. "Aṣọ mìíràn wà nílé o, ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tí ẹ rán kò gbọdọ̀ kéré sí mi lára kí ẹ tó dé."

Aránṣọ gbójú sókè wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀.

Lọ́yà Aránṣọ ti dìde. Ó ní kí adájọ́ fi ojú ara wọn wo aṣọ tó wà lọ́rùn ọmọ yìí, aṣọ àtayébáyé, kí wọ́n fi mọ irú ìtọ́jú tó ń rí gbà. Adájọ́ gbé ìgò sójú, ó wò ó, ó sì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kí Aránṣọ ṣáà panu mọ́ ni, ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó panu mọ́ fún ìgbà díẹ̀ náà, ènìyàn ṣáà ni. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Lọ́yà mi, ẹ dákun, ẹ jókòó," ló wí. "Mà, ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kì í ṣòótọ́. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ìyàwó bàbá rẹ̀ tọ́jú ọmọ yìí dáadáa, ó sì tọ́jú èmi náà mọ́ ọn. Tí ẹ bá máa fún mi lọ́mọ mi, ẹ má tìtorí èyí fún mi."

Lọ́yà jókòó bí àpò tí wọ́n tú ọkà inú rẹ̀ dànù. Lọ́yà káfíńtà ò jẹ́ kó tutù, ó ní ẹnu ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ló ti jáde, pé ibi tí ọmọ wà dára. Adájọ́ yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọ náà dúró lọ́dọ̀ àwọn.

Nọ́ọ̀sì gbójú kúrò nílẹ̀.

"Mo fẹ́, Mà. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Èmi ò tíì bímọ, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń sáré pàdé mi." Ó wo ọmọ náà. "Àmọ́ mo ń bá ìyá ẹ̀ tọ́jú ẹ̀ ni. Ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ti sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ń bọ̀. Bàbá ẹ̀ ti sọ ohun tí mo máa sọ níbí fún mi. Mi ò lè sọ ọ́, Mà. Ọmọ yìí á máa wò mí."

Ojú káfíńtà wá dà bí ojú ẹni tó ní kí wọ́n fẹ́ òun lójú, tí wọ́n lọ fi ata sẹ́nu. Ẹ bá mi wo obìnrin yìí. Ó mọ irú ilé tí òun máa padà sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kékeré kan máa ṣófo níbẹ̀, síbẹ̀ ó la ẹnu, ó sọ òótọ́ lójú ọkọ rẹ̀. Bí gbogbo wa bá ní ọkàn bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ ì bá ti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Adájọ́ kò jáfara. Ó ní kí ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí bàbá máa mú un ní òpin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi, kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa yà wò wọ́n. Ó sì wo Aránṣọ, ó ní kó má jẹ́ kí ìdì aṣọ kankan tún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìní bàbá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, nọ́ọ̀sì gbé báàgì ọmọ lé Aránṣọ lọ́wọ́. Ó sọ fún un pé ọmọ kò lè gbé oògùn mì àfi tí wọ́n bá lọ̀ ọ́, pé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, pé irọ́ ni tó bá ní òun ti fọ ẹnu. Gbogbo èébú tí Aránṣọ ti tò sílẹ̀ fún obìnrin yìí látinú ẹ̀wọ̀n, kò rí ẹyọ kan lò. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó fẹ́ gbé e dìde, kò lágbára tó o, torí náà ó kúnlẹ̀ òun náà, kí àgbà má baà kúnlẹ̀ fún òun kí òun wà lóòró. Wọ́n di ara wọn mú nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Àwọn oníẹjọ́ mìíràn ń yà fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Káfíńtà dúró lẹ́bàá ògiri, kò mọ ibi tó lè kọjú sí.

Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ó wo Àǹtí rẹ̀, ó wo ilẹ̀ tó yí wọn ká.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín?" ló bi wọ́n. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wá a.