Iná Tirẹ̀ Lọ́tọ̀

Fáàfù náà, gílóòbù inú rédíò àtijọ́, tàn yòò, ó funfun ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì kú. Obìnrin náà pa ẹ̀rọ ìdánwò lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó gbé gíláàsì tó ṣì gbóná náà sí ojú fèrèsé, ó mì í díẹ̀, ó sì rí wáyà inú rẹ̀ tó ti já sí méjì.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe, bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti fẹ́ wó ògiri náà. Àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti fún mọ́ra bí àgbàdo inú háhá, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn tó ń gbé rédíò wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Rédíò onípákó tí Bàbá Tíṣà gbé wá yìí ni iṣẹ́ gidi tó kọ́kọ́ dé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó bàbá náà, tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ló ń béèrè rẹ̀. Ó ní ohùn rédíò ìwòyí ń ha òun létí.

Fáàfù ńlá kan ló ń gbé ohùn rédíò náà jáde, òun ló sì jó yìí. Ibi tí wọ́n ti ń yan agbára iná lára ẹ̀rọ ìdánwò bàbá wọn ti jẹ. Dípò kó dúró lórí fóòtì méjì ààbọ̀, ó yọ̀ lọ sórí márùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n yọjú, ó wo fáàfù, ó wo àbúrò rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní kó dá rédíò náà padà kó sì bẹ bàbá náà, igi ti dá, ẹyẹ ti fò.

Obìnrin náà lọ, àmọ́ kò gbé rédíò lọ, fáàfù tó jó nìkan ló mú dání. Ó jókòó níwájú Bàbá Tíṣà, ó sì ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i. Bàbá náà ń yí òkú fáàfù náà lọ́wọ́ bí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Nígbà tó yá, ó wọlé, ó sì gbé páálí kékeré kan jáde. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ó ti ń kó wọn jọ láti ìgbà èwe, kò sì mọ èyí tó yè nínú wọn.

"Ìwọ lo wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ," ó ní. "Dán wọn wò. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, rọra ṣe é."

Páálí náà wà lórí tábìlì, ọwọ́ obìnrin náà ò sì yá sí i. Ó ń rò ó, ó ń tún un rò. Ìgbà tó yá ló wá yé e pé gbogbo ẹ̀rọ ìdánwò kọ́ ló bàjẹ́, ibi tó ń mú wáyà gbóná nìkan ni. Ta ló wá sọ pé dandan ni kí iná yẹn ti ibẹ̀ wá? Ó tú wáyà méjèèjì tó lọ síbẹ̀, ó gbé bátìrì alùpùpù sórí tábìlì, ó sì so nǹkan yíyí kan tó ń dín iná kù mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ ìdánwò máa ṣe ìyókù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bá a. Ó wá fi téèpù wọn ògiri. Ó bi í pé kí ni bátìrì ń ṣe níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, nínú fáàfù irú èyí, wáyà tó ń gbóná gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó bò ó. Bó bá já, ó parí. Mo fún un ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n lè máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ronú sí i. "Bí áyọ̀ọ̀nù àti sílíìkì," ó ní. "Èèyàn kì í gbé e lé e tòun ti gbígbóná ẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò lè máa wo mítà méjì, ti bátìrì àti ti ẹ̀rọ ìdánwò, kí òun tún máa yí iná. Ẹ̀gbọ́n ju téèpù sórí àga, ó sì fa ìjókòó mọ́ tábìlì.

Èyí àkọ́kọ́ ò tàn rárá, ó ti kú tipẹ́. Èkejì tàn, àmọ́ abẹ́rẹ́ mítà kàn mira díẹ̀ ni, kò dìde. Wọ́n ki ẹ̀kẹta bọ ihò. Ẹ̀gbọ́n ń yí i lọ, ó rọra bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Wáyà náà pọ́n díẹ̀, ó tún pọ́n sí i, títí ó fi dà bí ẹyin iná lábẹ́ eérú.

"Ó tó," àbúrò ní. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ.

Abẹ́rẹ́ mítà dìde, ó kọjá àárín, ó dúró gbọn-in síbi tó yẹ. Wọ́n jọ ń wò ó, bóyá yóò padà. Kò padà. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Oníbàárà kan ń pe télọ̀ láti òdì kejì ògiri. Ó dáhùn pé kí wọ́n jókòó díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

"Jẹ́ kí ògiri yìí ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná," ó sọ fún àbúrò rẹ̀, ó sì rọra dá iná padà sí ìsàlẹ̀. "Mú ẹ̀kẹrin wá."