Igi Ẹ̀gẹ́ Tó Wà Nínú Fóònù

Bí ẹ bá dé oko ní Ọ̀rà, tí ẹ rí ẹ̀gẹ́ tó ta dáadáa, ẹ má bèèrè irú ẹ̀gẹ́ tó jẹ́. "Igi ta ni?" lẹ máa bèèrè. Wọ́n á ní, "Igi Mobọ́lájí ni," tàbí, "Igi ìyàwó Tísà ni." Ọ̀fẹ́ la máa ń fún ara wa ní igi ẹ̀gẹ́ láti gbìn. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mú un wá ló máa ń jẹ́ lọ, ẹni tó bá sì gbà á kò gbọ́dọ̀ fi du ẹlòmíì. Mobọ́lájí ti kú tipẹ́. A ṣì ń fi í tẹ ẹ̀bà.

Bùọ̀dá Sọjí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mọ èyí kó tó mọ ABD. Ìwé ló jẹ́ kó gbàgbé.

Ó ṣe ètò kan sórí fóònù. Tí èèyàn bá ti ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́, ètò náà á sọ bóyá àrùn wà lára rẹ̀ àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó sọ ọ́ ní Ojú Olúsọjí. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa kì í kàwé, ó fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ jáde bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, ló bá wá sí ilé wa ní Ìlá wá yá ohùn mi. Èmi tí mi ò lè kí èèyàn mẹ́ta pọ̀ láìwo ilẹ̀! Ṣùgbọ́n fóònù kì í wo èèyàn lójú.

Bó ṣe ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí, bẹ́ẹ̀ ló ń pa àwọn ọ̀rọ̀ kan rẹ́.

"Kí nìyẹn, Bùọ̀dá?"

"Láísẹ́ǹsì. Má dá a lóhùn."

Ìyá Ẹfúnróyè, ìyá àgbà wa, gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. "Láísẹ́ǹsì? Ṣé nǹkan náà ń wa ọkọ̀ ni?"

Bùọ̀dá Sọjí rẹ́rìn-ín títí, ó wá ṣàlàyé. Kò sẹ́ni tó ń dá kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àwọn kan lókè òkun ti kọ apá tó ń wo fọ́tò, àwọn kan ti kọ apá tó ń ṣe ìṣirò, wọ́n gbé e síta pé kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn tí wọ́n so mọ́ ọn ni láísẹ́ǹsì. Ẹnì kan ní kí wọ́n ṣáà máa dárúkọ òun. Ẹnì kan ní bó bá bàjẹ́, kí wọ́n má wá òun wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìngrìdì, ní Nọ́wè, ní ẹni tó bá fi tòun ṣe nǹkan, tó sì pín in, kò gbọ́dọ̀ ti inú rẹ̀ pa. Kí àwọn tó bá gbà á lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì fún ẹlòmíì.

"Obìnrin gidi," Ìyá ní. "Orúkọ wọn lo wá ń pa rẹ́?"

"Ìyá, ta ló máa wò ó? Tí orúkọ òyìnbó bá kún inú ẹ̀, wọ́n á ní mi ò ṣe nǹkan kan."

"Àbí o ò ṣe nǹkan kan lóòótọ́?"

"Mo ṣe! Ta ló ya fọ́tò gbogbo ewé oko Ọ̀rà? Ta ló kọ́ ètò yẹn ní àrùn?"

"Ó dáa náà. Sọ tìẹ, sọ tiwọn."

Ìyá padà sídìí ẹ̀gúsí, Bùọ̀dá Sọjí padà sídìí nǹkan tó ń pa rẹ́. Nígbà tó jẹ búrẹ́dì tí Ìyá fi pamọ́ tán, ẹnì kan pè é lórí fóònù, ó bọ́ síta, ó ní kí n máa ka ìyókù sínú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ètò náà. Gbogbo ohun tó ní kí n kà síbẹ̀ kò ju "Olúsọjí ló ṣe mí" lọ. Àwọn orúkọ tó kù ṣì wà níwájú mi, kò tíì pa wọ́n rẹ́ tán. Mo wo Ìyá. Ìyá ṣẹ́jú sí mi.

Mo kà á. Mo fi díẹ̀ kún un.

Abẹ́ igi obì ní Ọ̀rà ni wọ́n ti dán an wò, èmi àti Ìyá náà wà níbẹ̀. Àǹtí Dinah wá láti Òṣogbo, lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ gbé ètò náà káàkiri ìpínlẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí i, gbogbo oko ni yóò dé. Bí kò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ tí Bùọ̀dá Sọjí tìtorí rẹ̀ gbàgbé láti fẹ́yàwó gbé nìyẹn. Ó so táì mọ́rùn nínú oòrùn.

Bàbá Àsíìsì, olórí àwọn àgbẹ̀, ya fọ́tò ewé kan tó ká kò. Fóònù sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewé yìí ti lárùn. Ẹ fà á tu, ẹ má sì gbin igi rẹ̀ mọ́."

"Háà! Ọmọ wa mà ni!" Gbogbo wọn pariwo. Èmi ti wọ ẹ̀yìn Ìyá lọ.

Bàbá Àsíìsì yí fóònù síwá sẹ́yìn. "Igi ta ni?"

"Ẹ̀gẹ́ yẹn, Bàbá?" Bùọ̀dá Sọjí bi í.

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹ̀gẹ́. Nǹkan inú fóònù yìí. Ọwọ́ ta lo ti gbà á?"

"Ọwọ́ èmi náà ni, Bàbá."

Àtàǹpàkò Bàbá ti ń rìn lọ sísàlẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo yíjú sí oko.

"Ẹ bi mí pé igi ta ni mí," ohùn mi ní. "Ìngrìdì ará Nọ́wè ló kọ ibi tí mo fi ń ríran; ó ní ẹni tó bá pín mi kò gbọ́dọ̀ ti inú mi pa. Kẹ́fìn ará Kánádà ló kọ ibi tí mo fi ń ṣírò. Ó ní kí ẹ ṣáà máa dárúkọ òun. Pẹ́dírò ará Bràsíìlì ló kọ ibi tí mo fi ń gba fọ́tò wọlé. Òun ní bí mo bá ṣì yín lọ́nà, ẹ má wá òun wá o. Olúsọjí ọmọ Ìlá ló kó wa jọ, òun ló kọ́ mi ní àrùn ẹ̀gẹ́. Òun náà ló jẹ búrẹ́dì Ìyá Ẹfúnróyè tán."

Ẹ̀rín bẹ́. "Pẹ́dírò yìí gbọ́n! Ó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti sá lọ!" "Ẹ tún un tẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́!" Wọ́n tún un tẹ̀.

Àǹtí Dinah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí, ṣé láísẹ́ǹsì wọn wà nínú ẹ̀?"

Bùọ̀dá Sọjí wo èmi. Èmi ń wo èèrà.

"Ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò," Àǹtí Dinah ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ohùn yìí dùn, kò tó. Odindi ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí inú ètò náà sì ṣí sílẹ̀, torí Ìngrìdì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń padà sí Òṣogbo."

Bàbá Àsíìsì nawọ́ sókè. "Ẹ dákun. Tó bá ṣí sílẹ̀, Àsíìsì ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ọ̀tan lè mú un, kó kọ́ ọ ní àrùn iṣu?"

"Ó lè mú un, Bàbá. Kó ṣáà dárúkọ gbogbo wọn, kó sì fi ti Olúsọjí kún un."

Bùọ̀dá Sọjí tú táì. "Orúkọ mi á wà nínú ti Àsíìsì?"

"Dandan ni."

"Àti nínú ti ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ Àsíìsì?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi obì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì dá gbogbo ohun tó pa rẹ́ padà, táì lórí itan. Ó tún gbé inú ètò náà síta bí Ìngrìdì ṣe fẹ́. Àǹtí Dinah yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a ń padà sí Ìlá, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbé Ìngrìdì wá sí Ọ̀rà, àbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi wo ewé ẹ̀gẹ́ mi."

Bùọ̀dá Sọjí mí kanlẹ̀. "Moyọ̀sọ́rẹ, ìwọ lo fi orúkọ obìnrin yẹn ṣáájú."

"Bí wọ́n ṣe tò ó ni mo ṣe kà á, Bùọ̀dá."

"Kí ló ń bí ẹ nínú?" Ìyá bi í. "Mobọ́lájí tí à ń fi tẹ ẹ̀bà ńkọ́?"

"Mobọ́lájí ọmọ Ọ̀rà ni, Ìyá!"

"Ìngrìdì náà ti di ọmọ Ọ̀rà," Ìyá dá a lóhùn. "Búrẹ́dì mi dà?"