Ọwọ́ Onídìrí

Irun ni Àsíátù ń dì jẹun kó tó wá ṣe hájì ní 1953. Nígbà tó sì jókòó sí Balad, àdúgbò àtijọ́ ní Jídà, irun náà ló tún ń dì. Asma, ìyá arúgbó tó gbà á sílé, nìkan ló kù tó mọ irú léèsì kan hun. Ojú ìyá fọ́ nígbà tí léèsì ìgbéyàwó tó ń hun dé ìdajì, ni Àlàájì Salih, oníṣòwò aṣọ tó gbéṣẹ́ náà fún un, bá káwọ́ lérí.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ẹ̀," ni Àsíátù wí.

"Wàláhì, èyí kọjá ọwọ́ onídìrí!" ni Salih fèsì.

 Àsíátù gbé ìrọ̀rí tí ìyá ń hun léèsì lé sítan, pẹ̀lú ogójì igi kéékèèké tí wọ́n wé òwú mọ́. Ó gbé ọ̀kan kọjá lórí èkejì, ó lọ́ ọ, ó tún gbé e kọjá. Àbí kí ni wọ́n ń pè ní irun dídì?

Ní ọjọ́ kẹta tí iṣẹ́ parí, Asma fi ìka tọ léèsì náà láti etí dé etí, ó tún tọ̀ ọ́ padà.

"Níbo ni mo hun ún dé kí ojú mi tó fọ́?"

"Ẹ bá wọn wá a, Àlàájì," ni Àsíátù wí, "ẹ̀yin tójú yín là."

Salih tẹ orí ba léèsì náà títí ọrùn fi ń ro ó. Kò rí i.